Sítẹ́ǹtì bàbá mi ti tún dí, dókítà ní bàlúùnù olóògùn ni òun máa lò. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn nínú yín ni mò ń wá.

Bàbá mi lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi sítẹ́ǹtì, àwọ̀n irin kékeré tó ń di ògiri iṣan mú, sí iṣan ọkàn wọn rí ní London níbí, ara wọn sì yá dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà òtútù tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ pé bí àwọn bá ti ń gun àtẹ̀gùn ilé, àyà á máa fún àwọn pinpin, àfi kí àwọn dúró di irin àtẹ̀gùn mú.

Dókítà ki wáyà gba ọrùn ọwọ́ wọn wọlé, wọ́n ya fọ́tò iṣan, wọ́n pè wá wá wò ó lójú ẹ̀rọ. Inú sítẹ́ǹtì yẹn gan-an ni nǹkan ti hù, tó ń dí ọ̀nà. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé dókítà ní òun ò ní fi sítẹ́ǹtì mìíràn sí i. Ó ní bàlúùnù tí wọ́n fi oògùn pa lára ni òun máa tì débẹ̀, òun á fẹ́ ẹ, òun á sì yọ ọ́ jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní bàlúùnù ni wọ́n ń lò kí sítẹ́ǹtì tó dáyé, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ gbé bàbá padà sẹ́yìn? Àbúrò mi ọkùnrin ní àgbàlagbà ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kàn ń ṣọ́ owó ná lórí wọn ni. Bàbá fúnra wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò, kí ló máa wá di ibẹ̀ mú?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Akọ̀wé_Òṣogbo

Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Mo fìdí kalẹ̀ síbí, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Adùnní

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ní àríwá England. Mi ò rí fọ́tò iṣan bàbá yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ dókítà yín ló borí tèmi. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́, bàlúùnù ló ṣáájú. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ni Andreas Grüntzig kọ́kọ́ fẹ́ bàlúùnù sínú iṣan ọkàn aláìsàn tó lajú sílẹ̀, ní Zürich. Ẹni ọdún 38 ni ọkùnrin náà. Bàlúùnù ìgbà yẹn ò ní oògùn kankan lára, ìyọnu méjì ló sì ń bá a rìn. Iṣan lè ya nínú tàbí kó padà sún kì, kó dí pátápátá kí aláìsàn tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ìyẹn ò bá ṣẹlẹ̀, ọgbẹ́ tí bàlúùnù dá sí ara iṣan á máa jinná, àpá á sì hù kọjá bó ṣe yẹ, débi pé láàrin oṣù mẹ́fà, ọ̀nà á ti tún há fún bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sítẹ́ǹtì sínú iṣan ọkàn ènìyàn, ní ilẹ̀ Faransé. Irin ló ń di ògiri iṣan mú, ìyẹn sì yanjú ìyọnu àkọ́kọ́. Ti èkejì dín kù ni, kò lọ, torí irin lásán náà ń mú kí àpá hù. Ìgbà tí wọ́n tó fi oògùn sára irin, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò lára ènìyàn ní São Paulo ní Brazil ní 1999, ni apá tó ká a.

Ó wá ku ìbéèrè bàbá. Sítẹ́ǹtì tó ti wà níbẹ̀ ló máa di ibẹ̀ mú. Irin yẹn ò kúrò, kò sì wó. Ẹran àpá ló hù gba àárín irin kọjá sínú ihò. Bàlúùnù lásán ló máa kọ́kọ́ wọlé láti tẹ ẹran yẹn sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni bàlúùnù olóògùn á wọlé, kó fi oògùn síbẹ̀ kí ẹran má tún hù. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n fi sítẹ́ǹtì mìíràn kún un, irin á gun orí irin nínú ihò tí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ lè má ju mílímítà mẹ́ta lọ.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mo ka èyí fún bàbá, wọ́n mi orí, wọ́n ní "ó yé mi wàyí". Àmọ́ àbúrò mi ṣì ń kùn pé ọ̀rọ̀ owó ni.

Baba_Àgbo_Agége

Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fi wáyà gún bàbá yín, ẹ lọ ọ̀sàn wẹ́wẹ́, ayù àti àtalẹ̀ pọ̀, kí wọ́n máa mu ún ní àárọ̀ ní òfìfo inú. Gbogbo ìdọ̀tí inú iṣan á bá ìgbẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti wò sàn. Ẹ pè mí sórí

*[Alábòójútó: a ti yọ nọ́ńbà fóònù kúrò. Baba Àgbo, a kì í polówó ọjà níbí.]*

Dókítà_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Baba Àgbo, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹran ara bàbá gan-an ló hù sínú sítẹ́ǹtì yẹn. Ara wọn ló hù ú láti fi bo irin. Kò sí ohun mímu tó ń fọ ẹran kúrò lára iṣan. Ayù púpọ̀ tún máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí i, bẹ́ẹ̀ aspirin àti clopidogrel tí irú àwọn bàbá yìí ń lò ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń gba imú rẹ̀ jáde nítorí irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ owó, NICE, àjọ tó ń sọ fún NHS ohun tó tọ́ láti ná owó lé, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìmọ̀ràn jáde lórí àwọn ohun èlò ìṣègùn ní oṣù kejìlá ọdún 2010. Bàlúùnù olóògùn kan, SeQuent Please tí ilé iṣẹ́ B. Braun ń ṣe ní Jámánì, ni àkọ́kọ́ pàá tí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọ́n ní kí wọ́n kà á mọ́ ohun tí a lè lò fún sítẹ́ǹtì onírin lásán tó tún dí. Wọ́n wo owó nígbà yẹn, kí ni kí n fi pamọ́? Ṣùgbọ́n bàlúùnù yìí kì í ṣe ọjà ẹ̀dínwó, ó wọ́n ju bàlúùnù lásán lọ fíìfíì.

Jámánì náà ni ìmọ̀ yẹn ti wá. Bruno Scheller ní Homburg àti Ulrich Speck ní Berlin ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn náà ni pé omi tí a máa ń fún sínú iṣan kó lè hàn nínú fọ́tò ni wọ́n po oògùn mọ́. Oògùn nìkan lójú bàlúùnù kò fẹ́ ṣí kúrò lára rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n po ó mọ́ iopromide, omi fọ́tò yẹn, ló tó ń bọ́ sára iṣan láàrin ìṣẹ́jú kan. Èsì wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2006, ènìyàn 52 péré ni. Nínú àwọn tí wọ́n padà ya fọ́tò wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, iṣan 10 nínú 23 ló tún há níhà bàlúùnù lásán. Níhà bàlúùnù olóògùn, 1 nínú 22.

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ní wọ́n ń gbé bàbá padà sẹ́yìn, àwa ní Amẹ́ríkà là ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan yìí. Oṣù kẹta 2024 ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ohun èlò ìṣègùn níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí bàlúùnù olóògùn àkọ́kọ́ fún iṣan ọkàn, èyí tí wọ́n ń pè ní AGENT. Sítẹ́ǹtì tó tún dí nìkan ni wọ́n sì fọwọ́ sí i fún. Irin onípele méjì ló wà nínú ọkọ mi kí ìyẹn tó dé. Wọ́n ti ń sọ pé bóyá kí àwọn fi ìtànṣán jó inú iṣan náà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ. Ẹ̀rù bà mí dé ìdí ọkàn.

Wọ́n dán AGENT wò lára ènìyàn 600. Lẹ́yìn ọdún kan, 17.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣòro tún dé bá níbi tí wọ́n ṣe. Níhà kejì, 28.6 ni. Ẹ gbà á fún bàbá, ẹ jọ̀ọ́.

AyẹwòDájú

Ẹ dúró ná, Ìyá Ìbejì. Ta ni wọ́n fi AGENT wé? Bàlúùnù lásán ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá arọ sáré á borí. Ohun tí ìdílé yìí ń bèèrè ni bóyá bàlúùnù olóògùn dára ju sítẹ́ǹtì olóògùn tuntun lọ, ìdánwò yẹn ò sì dáhùn rẹ̀.

Èyí tó dáhùn ni DAEDALUS tó jáde ní 2020. Wọ́n kó ìdánwò 10 jọ, aláìsàn 1,976. Bó bá jẹ́ sítẹ́ǹtì onírin lásán ló dí, bàlúùnù olóògùn àti sítẹ́ǹtì olóògùn ń rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Bó bá jẹ́ sítẹ́ǹtì olóògùn ló dí, sítẹ́ǹtì tuntun ló ta bàlúùnù yọ díẹ̀ ní ti pé kí wọ́n má tún padà wá ṣe é. Sítẹ́ǹtì tí wọ́n ń lò láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, olóògùn ni gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n yín má jẹ́ ìbéèrè òmùgọ̀ rárá.

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹ ṣé o, Ọ̀gá Ayẹ̀wò. Ọkọ mi ń rìn, ó ń jẹun, ìyẹn ni ìdánwò tèmi.

Dókítà_Mọ́kọ́lá

AyẹwòDájú tọ̀nà o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ìyẹn ló mú kí n fẹ́ bi ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá: sítẹ́ǹtì bàbá yín, ẹyọ kan ni àbí wọ́n ti fi òmíràn sórí rẹ̀ rí? Ẹ wo ìwé tí ilé ìwòsàn fún wọn.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìwé náà jáde nínú báàgì tí bàbá ń kó ìwé ìrìnnà wọn sí. Wọ́n fi àkọ́kọ́ sí i ní 2014. Ní 2019 ibẹ̀ dí, wọ́n tún fi òmíràn sínú ti àkọ́kọ́ ní ibì kan náà. A ò mọ̀ pé ibì kan náà ni! Ohun tí gbogbo wa gbọ́ nígbà náà ni pé "wọ́n ṣe sítẹ́ǹtì kejì", a rò pé iṣan mìíràn ni.

Dókítà_Mọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Irin méjì ti wà lórí ara wọn. Ẹ̀kẹta á tún jẹ ihò náà kù, àwọn iṣan kéékèèké tó ya lára rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn àwọ̀n irin onípele mẹ́ta. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, bàlúùnù olóògùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìdí tí dókítà yín fi yàn án nìyẹn, mo rò, ì bá kàn ti ṣàlàyé fún yín ni.

Ohun tí èmi máa bèèrè, tó bá jẹ́ bàbá mi ni: kí ló fà á tó fi dí lẹ́ẹ̀mejì? Àtọ̀gbẹ ń dá kún un, òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà mìíràn, sítẹ́ǹtì ò là tán láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i, pàápàá tí ògiri iṣan bá ti le nítorí kálísíọ́ọ̀mù. Kámẹ́rà tó ń wọ inú iṣan, ti ìró tàbí ti ìmọ́lẹ̀, ló máa fi ìyẹn hàn. Bó bá jẹ́ pé irin ò là, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi bàlúùnù líle là á, tàbí ká lo èyí tó ń fi ìró fọ́ kálísíọ́ọ̀mù. Ẹni tó kan oògùn mọ́ ibi tí kò tíì là, ó dà bí ẹni tó kun ògiri láì ha ọ̀dà àtijọ́ tó ti ṣí kúrò. Iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ yẹn ni gbogbo ẹ̀. Bí ọ̀nà ò bá tíì ṣí tó, pé ó ku ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣì há, a kì í tíì mú bàlúùnù olóògùn jáde nínú páálí.

Nọ́ọ̀sì_Adùnní

Bẹ́ẹ̀ ni o. Kí n sì sọ bó ṣe máa rí fún bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ohun tó ń dẹ́rù bani jù ni ohun tí wọn ò sọ fúnni.

Wọ́n ò ní sùn. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ni wọ́n máa fún wọn ní ọrùn ọwọ́. Bí ìpalẹ̀mọ́ bá ti tẹ́ dókítà lọ́rùn, èmi tàbí ẹlòmíràn á já bàlúùnù olóògùn. A kì í fọwọ́ kan ojú rẹ̀, a kì í nù ún, a kì í rì í sínú omi bí a ṣe ń ṣe àwọn yòókù. Bó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ ti ń fọ oògùn lọ nìyẹn, torí náà yàrá á kàn dákẹ́. Dókítà ò ní dúró lọ́nà. Ó débẹ̀, ó fẹ́ ẹ, èmi á sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá sókè: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Ẹlòmíràn máa ń fẹ́ kó dé ọgọ́ta. Gbogbo àkókò tó wà ní fífẹ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò kọjá níbẹ̀, àyà á máa fún bàbá gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe wọ́n lórí àtẹ̀gùn. Kí wọ́n sọ ọ́ jáde, kí wọ́n má pa á mọ́ra bí ọkùnrin. Bí dókítà bá ti tú bàlúùnù náà sílẹ̀, á rọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà a máa ń dúró díẹ̀ kí á tún ya fọ́tò wò bóyá iṣan ya. Yíya díẹ̀ kò burú, á jinná. Bó bá ya jù, tí ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn dáadáa mọ́, wọ́n á fi sítẹ́ǹtì gbà á là lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá mọ èyí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má bàa jí lọ́jọ́ kejì kí wọ́n ní wọ́n tan àwọn jẹ.

Apòògùn_Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ orúkọ oògùn náà. Paclitaxel ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹbí bá wá a lórí Google, jẹjẹrẹ ló máa kọ́kọ́ jáde, ariwo á sì sọ. Òótọ́ ni pé oògùn jẹjẹrẹ ni, èèpo igi kan ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ohun tó ń ṣe fún jẹjẹrẹ náà ló ń ṣe níbí, kì í jẹ́ kí ẹran máa pín kó máa pọ̀.

Ìwọ̀n ni ẹ máa wò. Bàlúùnù tó fẹ̀ ní mílímítà 3, tó gùn ní 20, tí wọ́n fi máíkírógírámù 3 sí orí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, gbogbo oògùn ara rẹ̀ ò ju bí ìdajì mílígírámù lọ, apá kan nínú rẹ̀ á sì ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n ń fún fún jẹjẹrẹ lè gba 300 mílígírámù lẹ́ẹ̀kan. Irun bàbá ò ní já.

Ẹ tún lè rí i kà pé paclitaxel ń pa ènìyàn. Ní ìparí 2018 ni àwọn kan kó ìdánwò jọ lórí iṣan ẹsẹ̀, níbi tí bàlúùnù ti tóbi tí oògùn sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn tó lò ó ń kú jù. FDA kìlọ̀ ní 2019. Lẹ́yìn tí wọ́n tọpa àwọn aláìsàn náà síwájú sí i, FDA yí ọ̀rọ̀ padà ní oṣù keje 2023, wọ́n ní ẹ̀rí ò fi hàn pé ó ń pa ènìyàn. Ti iṣan ẹsẹ̀ sì ni gbogbo ariwo yẹn.

Èyí tó ní sirolimus náà wà, inú erùpẹ̀ erékùṣù Rapa Nui lójú agbami Pàsífíìkì ni wọ́n ti rí ìyẹn. Kì í yára wọ ara iṣan bíi paclitaxel, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe po tirẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bákan náà ni gbogbo wọn.

Ṣadé_Ìkẹjà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo ya bà á. Àbúrò bàbá mi ní Lagos náà ní iṣan ọkàn tó há, wọn ò tíì ṣe sítẹ́ǹtì rí. Prostate tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ láìpẹ́. Dókítà ọkàn ní bí àwọn bá fi sítẹ́ǹtì sí i, wọ́n máa lo oògùn méjì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn fún oṣù mẹ́fà, ti prostate á sì dúró. Ṣé bàlúùnù olóògùn lè gbà wá? Mo rí i lórí YouTube pé sítẹ́ǹtì ti di ohun àtijọ́.

AyẹwòDájú

Sítẹ́ǹtì ò tíì di ohun àtijọ́, Àǹtí Ṣadé. Ní China, wọ́n kó ènìyàn 2,272 jọ ní ilé ìwòsàn 43, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí iṣan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ há, tí wọn ò fi nǹkan kan sí i rí. REC-CAGEFREE I ni wọ́n ń pè é, 2024 ni èsì jáde. Wọ́n kọ́kọ́ palẹ̀ iṣan mọ́ dáadáa, kí wọ́n tó pín wọn sí bàlúùnù olóògùn àti sítẹ́ǹtì olóògùn. Lẹ́yìn ọdún méjì, 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣòro bá níhà bàlúùnù, 3.4 níhà sítẹ́ǹtì. Bàlúùnù ò yege. Ẹni tó bá ń wàásù pé ká kó gbogbo irin dànù, ẹ fi èyí hàn án.

Dókítà_Mọ́kọ́lá

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka gbogbo rẹ̀ parí. Ìyàtọ̀ yẹn hàn jù nínú àwọn iṣan tó tóbi. Nínú èyí tó kéré, ọ̀rọ̀ yí padà. BASKET-SMALL 2, ní Jámánì, Switzerland àti Austria, ènìyàn 758 tí iṣan wọn ò tó mílímítà 3: lẹ́yìn ọdún kan, 7.5 níhà bàlúùnù, 7.3 níhà sítẹ́ǹtì. Wọ́n tọ̀ wọ́n dé ọdún mẹ́ta, wọn ò yàtọ̀ síra. Iṣan kékeré ni irin ti ń fa ìjàngbọ̀n jù, torí kò sí àyè fún àpá kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, Àǹtí Ṣadé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bí iṣan àbúrò bàbá yín ṣe tóbi tó, àti ibi tó wà. Bó bá jẹ́ iṣan ńlá tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọkàn lápá òsì, èmi ò ní fi bàlúùnù dán an wò nítorí prostate. Bó bá jẹ́ èyí kékeré, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò ní ìkọlù lọ́wọ́lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ń lo oògùn méjì náà fún bí oṣù kan lẹ́yìn bàlúùnù olóògùn, kó tó ku aspirin nìkan. Ní Finland, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 208 tí ẹ̀jẹ̀ lè tètè máa ya lára wọn, èsì rẹ̀ dára gidi.

AyẹwòDájú

Ta ni wọ́n fi wé? 😀

Dókítà_Mọ́kọ́lá

Sítẹ́ǹtì onírin lásán. Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, irin lásán tí àwa náà ò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́. Ẹ fi ìyẹn sápò.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Ṣadé, ìbéèrè kan tún wà tó ṣáájú gbogbo èyí: ṣé ó di dandan kí wọ́n ṣe ohunkóhun sí iṣan náà kí wọ́n tó ṣe prostate? Ẹni tí àyà rẹ̀ ń fún díẹ̀, tí oògùn ń gbà á sílẹ̀, lè má nílò bàlúùnù tàbí irin kankan báyìí. Ẹ jẹ́ kí dókítà ọkàn àti oníṣẹ́ abẹ jókòó pọ̀ sọ ọ́. Ní Nàìjíríà tí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ò pọ̀, tó sì jẹ́ pé àpò ara ẹni lọ̀pọ̀ ń gbà san án, ẹ máa rí ibi tí wọ́n á ti sáré ṣe ohun tí ò yẹ, ẹ sì máa rí ibi tí ohun tó yẹ ò ní sí ní ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní bàlúùnù náà ní ìwọ̀n tí iṣan yẹn fẹ́, àti bóyá sítẹ́ǹtì wà nítòsí bí iṣan bá ya.

Ṣadé_Ìkẹjà

Ẹ ṣeun, Dókítà. Wọn ò tilẹ̀ sọ bí iṣan ṣe tóbi tó fún wa. Mo máa lọ bèèrè lọ́jọ́ Ajé. Mo fẹ́ gba fọ́tò iṣan náà sínú fíláàṣì, wọ́n ní àwọn ò ń fúnni.

Nọ́ọ̀sì_Adùnní

Ẹ tẹnu mọ́ ọn. Tiyín ni fọ́tò náà, ẹ ti sanwó rẹ̀. Fídíò rẹ̀ ni kí ẹ gbà, kì í ṣe bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde. Bébà ò lè fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn dókítà mìíràn.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Àbúrò mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó ní òun ò sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ òun máa bèèrè ti kámẹ́rà inú iṣan yẹn lọ́wọ́ dókítà fúnra òun. Bàbá ti fọwọ́ sí ìwé. Ohun kan ló kù: tí wọ́n bá ṣe é tán, ṣé wọ́n lè dá clopidogrel dúró lẹ́yìn oṣù kan bí Dókítà ṣe sọ? Wọ́n fẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba.

Dókítà_Mọ́kọ́lá

Rárá o. Oṣù kan yẹn, ẹni tí kò ní irin nínú ni mò ń sọ. Bàbá ní irin onípele méjì tó ti dí lẹ́ẹ̀mejì, dókítà wọn lè fẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọjọ́ tó bá kọ sínú ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ń lọ Ìjẹ̀bú, kí wọ́n gbé oògùn tó máa tó wọn lọ tó máa tó wọn bọ̀ sínú báàgì ọwọ́, kí wọ́n má fi sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà ń bá a lọ, àti ti àtọ̀gbẹ. Bàlúùnù ò wo ìyẹn.

Baba_Àgbo_Agége

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ewúro ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà léwọ̀?

Apòògùn_Abẹ́òkúta

Ewúro inú ọbẹ̀, kí bàbá jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń gbo sínú ife mu láràárọ̀ ni kí wọ́n sọ fún dókítà, torí ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ kún èyí tí oògùn àtọ̀gbẹ ń fà. Ọsàn gírépù ńlá yẹn sì ni kí wọ́n ṣọ́ra fún jù bí wọ́n bá ń lo simvastatin tàbí atorvastatin, àwọn oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọsàn wa lásán ò ní wàhálà.